Ẹyin Inú Abọ́ Morádéyọ̀

Títí di òní olónìí, n kò lè bó ẹyin sísè kí orin má bọ́ sí mi lẹ́nu. Àwọn ọmọ ọmọ mi á ní, "Ìyá tún ti bẹ̀rẹ̀." Èmi á ní kí wọ́n jẹ́ n kọ ọ́ tán. Ìwé tí mo kà kò ju A-B-D lọ, ṣùgbọ́n orin tó wà nínú mi, bí ẹ bá kó o sínú àpò, ẹ ò ní rí alábàárù tí yóò lè rù ú.

Ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ó ku bí ọdún kan kí Nàìjíríà gba òmìnira. Ìdí Arẹ̀rẹ̀ là ń gbé, nínú agboolé ọkọ mi. Hezekiah lọkọ mi ń jẹ́, kápẹ́ńtà ni. Láyé ìgbà yẹn, ta ni mo jẹ́ tí màá pè é lórúkọ? "Bàbá Morádéyọ̀" ni mò ń pè é. Nísinsìnyí tí eyín ti tán lẹ́nu àwa méjèèjì, mo máa ń pè é ní Hezekiah, ó sì máa ń jẹ́ mi.

Mò ń kọ́ iṣẹ́ ìránṣọ lọ́dọ̀ Sìsí Lucy ní Ọjà'ba. Oṣù méjì péré ló kù kí n gba fúrídọ̀ọ̀mù, kí èmi náà ní ẹ̀rọ tèmi lójúde. Ohun kan ṣoṣo ló lè dí mi lọ́wọ́: Morádéyọ̀, ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin. Mo ti máa ń mú un lọ síbi iṣẹ́ tẹ́lẹ̀, àfi lọ́jọ́ kan tó mú àlùmọ́gàjí, tó gé fèrèsé róbótó sí ẹ̀yìn bùbá tí oníbàárà fẹ́ wọ̀ lọ ṣe ìkómọ. Sìsí Lucy di ọwọ́ mọ́rí. Ó ní, "Comfort, ìwọ nìkan ni mo gbà, n kò gba ọmọ rẹ. Lọ́jọ́ tí mo bá tún rí i nídìí ẹ̀rọ mi, kí ìwọ náà ká ẹrù rẹ."

Bẹ́ẹ̀ ni Morádéyọ̀ ṣe dé jẹ́lé-ó-sinmi tí ìjọ kan dá sílẹ̀ ní Bẹẹrẹ. Ilé sì sinmi lóòótọ́! Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí n kò gbọ́ ohùn rẹ̀, ṣe ni mo jókòó sórí àga tí mò ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

Mìsì Hilda ni olùkọ́ wọn. Ó ga, ó tín-ín-rín, gíláàsì wà lójú rẹ̀, pẹ́ńsùlù pupa sì wà létí rẹ̀ bí ìyẹ́ ẹyẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ gbogbo, yóò tú abọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan wò, yóò sì bi ọmọ náà ní ohun tí ìyá rẹ̀ dì fún un. Kò pẹ́ tó fi ìwé òfin oúnjẹ ránṣẹ́ sí wa nílé. Orí pákó tó ń fá lọkọ mi jókòó sí tó fi kà á fún mi.

"Wọ́n ní kí oúnjẹ tó ń fún ni lágbára wà nínú abọ́. Kí èyí tó ń mú ara dàgbà wà níbẹ̀: ẹ̀wà, tàbí ẹja. Kí èso wà níbẹ̀. Wọn ò fẹ́ súìtì, wọn ò fẹ́ gúgúrú. Kí abọ́ ní ìdérí nítorí eṣinṣin."

Mo ní, "Èyí ò le."

"N kò tíì parí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, kí ẹyin kan wà níbẹ̀. Ọmọ tí abọ́ rẹ̀ bá gba àmì pupa lẹ́ẹ̀mẹta, kó padà sílé ìyá rẹ̀."

Ibi tí ìyá ọkọ mi wà lẹ́yìnkùlé, tó ń gbo ọṣẹ dúdú tó ń tà, ló ti dáhùn.

"Ẹ̀n? Kí ló ní kó wà níbẹ̀?"

Mo kúnlẹ̀. "Ẹyin ni, Màmá."

"Fún ọmọ? Kí ọmọ ọmọ mi máa jẹ ẹyin? Ṣé olè ni wọ́n fẹ́ fi kọ́ ọ níbẹ̀ yẹn ni?"

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé lè má mọ̀. Láyé ìgbà tiwa, àgbà kì í fún ọmọdé lẹ́yin jẹ. Wọ́n ní bí ọmọ bá ti mọ adùn rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò ní gbélé mọ́. Bó bá wá a tí kò rí i, yóò jí i. Ìyá ọkọ mi gbà á gbọ́ bó ṣe gba àdúrà gbọ́.

Ó ní, "Ẹ ò rí Táíwò ilé kejì tí wọ́n mú nínú ilé adìẹ?"

Ọkọ mi ní, "Màmá, ìyá Táíwò kò fún un lẹ́yin jẹ rí."

"Ó jẹ ẹ́! Kí ló wá ń wá nínú ilé adìẹ?"

Ọkọ mi wo pákó rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ibi tó ti wọ̀n tẹ́lẹ̀. Èmi nìkan ni mo kù lórí ìkúnlẹ̀. Mo bẹ ìyá ọkọ mi. Mo sọ ti Sìsí Lucy, mo sọ ti fúrídọ̀ọ̀mù, mo ní bí wọ́n bá dá ọmọ yìí padà, iṣẹ́ ọdún mẹ́ta dànù nìyẹn. Ó wò mí títí, ó nu ọwọ́ ọlọ́ṣẹ sára ìró rẹ̀, ó ní, "Ìyàwó, dìde. Máa di ẹyin rẹ. Èmi fúnra mi ni n ó máa mú ọmọ lọ, ṣebí Bẹẹrẹ náà ni mo ti ń tajà."

Ayọ̀ mi kò ní àfiwé! Mo sáré lọ se ẹyin, orin sì bọ́ sí mi lẹ́nu. Mo kọ́ Morádéyọ̀ kó má bàa gbàgbé ohun tí mo dì. Èmi á lé e, òun á gbè é:

*Ẹ̀kọ wà nínú abọ́,*
*Ẹ̀wà wà nínú abọ́,*
*Ọsàn wà nínú abọ́,*
*Ẹyin jókòó sáàárín bí ọba.*
*Ta ló ni ín? — Èmi ni!*
*Ta ni yóò jẹ ẹ́? — Èmi ni!*

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́, mo fi ẹyin funfun báláú sáàárín ẹ̀wà, mo fi aṣọ di abọ́ tánganran náà, mo gbé e lé ìyá ọkọ mi lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n darí dé, ìwé kékeré kan wà nínú abọ́. Àmì pupa. Ọkọ mi kà á: *Kò sí ẹyin.*

Mo ní, "Morádéyọ̀, ẹyin rẹ ńkọ́?"

Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

Mo rò pé ó bọ́ sílẹ̀ lọ́nà ni. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, mo gé ẹyin wẹ́wẹ́, mo tò ó sábẹ́ dòdò. Àmì pupa kejì tún dé. Dòdò pé, ègé ẹyin kan kò sí níbẹ̀.

Ẹ̀rù wá bà mí wàyí. Ó ku ẹyọ kan. Ìyá ọkọ mi mi orí, ó ní, "Àwọn tíṣà òde òní! Ṣé owó oṣù wọn kì í tó wọn jẹun ni?" Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Àṣé Mìsì Hilda ni! Abájọ tí wọ́n fi kọ ẹyin sínú òfin! Mo wo bó ṣe tín-ín-rín, mo ní ebi ló ń pa á, ẹyin ọmọ wa ló fi ń gbádùn. Mo sọ fún ìyá Grace, aládùúgbò wa tí ọmọ tirẹ̀ náà wà níbẹ̀, ìyá Grace sọ fún gbogbo Ìdí Arẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, mo ta ọgbọ́n. Mo se mọ́ínmọ́ín, mo ri odidi ẹyin sí inú rẹ̀, mo fi ewé pọ́n ọn dáadáa. Mo fi hàn wọ́n nílé pé ibẹ̀ ló wà. Bí wọ́n ṣe jáde, mo gba ẹ̀yìn Mápó já sí Bẹẹrẹ. Mo fẹ́ ká ọ̀gá olè mọ́ ìdí abọ́. Mo ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì kí ìyá ọkọ mi tó dé. Ó pẹ́ kí wọ́n tó dé, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà tiwọn ló yá jù. Nígbà tó rí mi, ó ṣe háà.

"Ìyàwó, o ò lọ síbi iṣẹ́?"

"Màmá, mo wá wo ẹni tó ń jẹ wá níyà ni."

Mìsì Hilda gba abọ́ lójú gbogbo ìyá ọmọ. Ó tú ewé. Ó fi ṣíbí la mọ́ínmọ́ín sí méjì. Ẹ gbà mí o! Ihò róbótó ló wà níbẹ̀, ihò tó mọ ẹyin níwọ̀n, ṣùgbọ́n ẹyin kò sí.

Mìsì Hilda ní, "Ìyá Morádéyọ̀, mo rí ilé, onílé dà?" Ó na ọwọ́ sí pẹ́ńsùlù etí rẹ̀.

Mo fò dìde. "Ẹ dúró! Mo fi í síbẹ̀! Ẹnì kan ń jẹ ẹyin ọmọ mi níhìn-ín!"

"Ìyá, ẹnu ọ̀nà lẹ wà. Ṣé ẹ rí i tí mo jẹ ẹ́ ni?"

Ìyá ọkọ mi pòṣé. "Ayé ti bàjẹ́. Wọ́n ń jí oúnjẹ lẹ́nu ọmọ ọwọ́!"

Pẹ́ńsùlù ti kan ìwé. Mo rí ẹ̀rọ ìránṣọ mi tó ń fò lọ. N kò mọ ohun tí mo lè ṣe mọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu mi, orin ló ń kù. Mo di Morádéyọ̀ lọ́wọ́ mú, mo kọ orin wa kí tíṣà lè gbọ́ pé òótọ́ ni mo dì í. Morádéyọ̀ ń gbè é.

*"Ta ló ni ín?"*

*"Èmi ni!"*

*"Ta ni yóò jẹ ẹ́?"*

*"Màmá Àgbà ni!"*

Mo rò pé ó ṣì í ni. Mo tún un lé. *"Ta ni yóò jẹ ẹ́?"*

*"Màmá Àgbà ni! Lábẹ́ igi, lórí òkúta, Màmá Àgbà ni!"*

Gbogbo ojú yí sí ìyá ọkọ mi. Mo wò ó dáadáa. Ìyẹ̀fun yẹ́lò inú ẹyin wà létí ẹnu rẹ̀.

Mo ní, "Morádéyọ̀! Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

Ó ní, "Màmá Àgbà ní n má sọ. Wọn ò ní n má kọ ọ́ lórin."

Ṣé ẹ rò pé ojú tì ìyá ọkọ mi? Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Ẹ má pariwo. Èmi ni mo jẹ ẹ́. Ọmọ yìí ṣì ní ọgọ́ta ọdún tó lè fi jalè. Ọdún mélòó ló kù fún èmi? Bí olè bá máa wọ̀ mí lára lọ́jọ́ ogbó, àfi kó yára."

Mìsì Hilda ní, "Kí ló dé tí ẹ ò jù ú nù, Màmá?"

"Ẹyin sísè? Ṣé orí mi ti dàrú ni?"

"Ṣé ó dùn?"

Ìyá ọkọ mi wo òrùlé. "Iyọ̀ tòní kéré díẹ̀."

Ìyá Grace ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, ẹ ní ẹyin ń sọ ọmọ di olè. Ọmọ kò tíì jẹ ẹyọ kan, ẹ̀yin ti jí mẹ́ta!"

Mìsì Hilda gan-an yọ gíláàsì, ó ń nu omijé ẹ̀rín. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ fún ohun tí mo ti sọ káàkiri. Ó fi rọ́bà pa àmì méjèèjì rẹ́ nínú ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní májẹ̀mú kan: lọ́jọ́ ẹyin, kí Màmá jókòó sínú kíláàsì títí ọmọ yóò fi jẹ tirẹ̀ tán.

Mo pẹ́ dé ṣọ́ọ̀bù. Sìsí Lucy ti ń mi ẹsẹ̀ dè mí. Mo ròyìn rẹ̀ fún un. Nígbà tí mo dé orí iyọ̀ tó kéré, ó fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀ níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí oṣù méjì pé, mo gba fúrídọ̀ọ̀mù mi.

Láti ọjọ́ náà, abọ́ méjì ni mò ń dì lọ́jọ́ ẹyin, ọ̀kan fún ọmọ, ọ̀kan fún ìyá bàbá rẹ̀. Àwọn méjèèjì á jókòó lórí bẹ́ǹṣì kúkurú, wọ́n á máa wo ara wọn lẹ́nu, kí ẹnì kan má bàa jẹ tán ṣáájú ẹnì kejì.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, ìyá ọkọ mi dé láti Bẹẹrẹ, kò kí ẹnikẹ́ni. Ó na ìwé kékeré kan sí mi. Àmì pupa ni. Mo ní kí ọkọ mi kà á.

Ó kà á, ó gbé ojú sókè, ó ní, "Màmá, wọ́n ní ọsàn kò sí nínú abọ́ yín."

Ìyá ọkọ mi jókòó ti agbada ọṣẹ rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ wá sílẹ̀ bí òwú.

"Ìyàwó mi dáadáa, jọ̀wọ́, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, má gbàgbé ọsàn mi. Ó ku ẹ̀ẹ̀mejì kí wọ́n lé mi."