Irin Tó Ń Rántí

Rùkáyà ba irin Tóyọ̀sí jẹ́ ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, nítorí pé ó gé e bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ láti máa gé irin líle.

Nígbà tí Tóyọ̀sí dé ṣọ́ọ̀bù tí Rùkáyà ti ń fi ẹ̀rọ gé irin lẹ́bàá ibùdókọ̀ rélùwéè Òṣogbo, ó kọ́kọ́ mú wáyà kékeré kan jáde, ó ká a bí ìwọ̀ ẹja, ó jù ú sínú omi gbígbóná. Wáyà náà nà, ó tọ́ ṣánṣán.

Rùkáyà bú sẹ́rìn-ín. "Èyí ń rántí nǹkan ju ọkọ mi lọ!"

Tóyọ̀sí fa ọ̀pá irin kan yọ. "Irin kan náà ni ọ̀pá yìí, mà. Mo fẹ́ kí ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹyọ ìgbálẹ̀ kan. Bí a bá ṣe gé e ló máa sọ bóyá á ṣì máa rántí." Ó na ìwé sí i. "Eré tí ẹ̀rọ máa sá nìyí. Ọ̀pá kan yìí ló kù ní yunifásítì wa. Òun ni iṣẹ́ àṣekágbá mi."

"Eré yìí ti pọ̀ jù. Ṣé o mọ Àrẹ̀mú tọ́nà, tó ń fi ẹ̀rọ gé irin ní Rélùwéè?"

"Rárá, mà."

"Bàbá mi ni."

Ó tan ẹ̀rọ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Òórùn òróró tó ń gbóná gbé e padà sí ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, ọwọ́ bàbá rẹ̀ lórí ọwọ́ rẹ̀: "Rọra, Àbẹ̀kẹ́. Irin líle kò fẹ́ ìkánjú." Ó dín eré kù. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò wo ìwé mọ́. Tóyọ̀sí rí i, ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Àgbà ló ń ṣiṣẹ́.

Nígbà tí wọ́n ká irin náà, tí wọ́n jù ú sómi, ó nà dé ìdajì, ó dúró. Wọ́n tún omi sè. Kò nà mọ́.

"Ara rẹ̀ ti le," ni Tóyọ̀sí wí. "Bí ọ̀bẹ ẹ̀rọ bá rọra lọ jù, ńṣe ló máa ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ra."

"Bàbá mi kì í ṣìṣe."

"Lórí irin Rélùwéè, mà."

Rùkáyà pa ẹ̀rọ. Ó ní kí Tóyọ̀sí pe olùkọ́ rẹ̀, ó sì gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. "Èmi ni mo bà á jẹ́, sà. Ọmọ yìí kọ eré ẹ̀rọ fún mi. Mi ò tẹ̀ lé e."

Olùkọ́ náà dúpẹ́ pé ó sọ òótọ́. Ó ní òmíràn á ti òkè òkun dé, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Ní oṣù kọkànlá, àwọn ẹgbẹ́ Tóyọ̀sí wọ gáùn ìgboyè, wọ́n ya fọ́tò. Òun wà nílé ní Ìwàràjà, ó ń bá ìyá rẹ̀ fọ́ kòkó. Ọdún kan gbáko ló bá irin náà lọ.