Àwọn Ọmọ-ọmọ Aránbàtà

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹnu Aránbàtà ló kó bá a. Ta ló ní kó máa ki ajá?

Àràárọ̀, bó bá ti gbàdúrà tán, tó ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, tí òórùn awọ àti gọ́ọ̀mù tú síta, Akọni, akọ ajá rẹ̀, á na ara lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá náà á wá gbé oríkì ìdílé ara rẹ̀ bọnu, á máa fi ki ajá:

“Akọni, ọmọ afawọ-ṣọlá! Ọmọ a-tẹ̀gún-má-ta-gìrì! Ọmọ ẹni tó rán bàtà fọ́ba, tọ́ba wọ̀ ọ́ tó gbàgbé ẹṣin! Má jẹ̀ẹ́ kí ìran wa run o!”

Gbogbo àdúgbò ń gbọ́. Akọni náà ń gbọ́, ti pé kí ìran má run yìí ló sì wọ̀ ọ́ létí jù. Kó tó di pé òjò ọdún náà dá, kò sí abo ajá ládùúgbò tí kò mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù bàtà.

Ìyá Oníbúrẹ́dì tó wà ní òdì kejì títì ló kọ́kọ́ wọlé, apẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì lórí. Ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó ká aṣọ kúrò lójú rẹ̀. Ọmọ ajá ló kún un bámúbámú.

“Ẹ kú oríire o, Bàbá Àgbà!”

“Ta ni bàbá àgbà?”

“Ẹ̀yin náà ni. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ń pe Akọni ní ọmọ afawọ-ṣọlá? Ọmọ afawọ-ṣọlá ló fún abo ajá mi lóyún. Ẹ ò lè ki ọmọ láàárọ̀, kẹ́ ẹ wá sẹ́ ọmọ-ọmọ lọ́sàn-án.”

Aránbàtà wo inú apẹ̀rẹ̀. Ojú tì í láti sẹ́ ìran ara rẹ̀, ló bá gbà wọ́n. Bí àwọn aládùúgbò yòókù ti gbọ́ pé ó gbà, wọ́n bá a gbé tiwọn dé: nínú garawa, nínú páálí, nínú fìlà. “Bàbá Àgbà, ẹ gbàlejò!”

Lọ́jọ́ kan, Dókítà Ẹranko, obìnrin tí ilé ìwòsàn rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé búrẹ́dì, wá gba bàtà tó fi sílẹ̀ fún àtúnṣe. Ó bá ọmọ ajá kan tó ń sùn nínú rẹ̀.

“Bàbá, ẹ jẹ́ kí n tẹ Akọni lọ́dàá. Màá fún un lóògùn oorun, kò ní mọ ìgbà tí mo ṣe é. Màá sì yọ ilé ọmọ abo ajá Ìyá Oníbúrẹ́dì náà, torí ilẹ̀kùn méjì ni ilé yìí ní, tí a bá ti ọ̀kan, ìkejì ṣì wà ní ṣíṣí.”

“Kí n tẹ ọmọ afawọ-ṣọlá lọ́dàá? Ọkùnrin ni wọ́n bí i, ọkùnrin ni yóò kú!”

“Ajá ni mo sọ, Bàbá. Mi ò dárúkọ yín.”

Kí bàbá náà tó mọ̀, ó ti pa itan pọ̀ lábẹ́ tábìlì.

Ó ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo. Látìgbà tí ìyẹn ti ń ṣeré lórí àjákù awọ ló ti ń ṣèlérí fún un pé, “Lọ́jọ́ tó o bá ń lọ sílé ọkọ, iṣẹ́ ọwọ́ mi lo máa fi rìn.” Ọjọ́ náà wá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ó wá awọ funfun múlọ́múlọ́ kan rí, ó fi rán bàtà ìyàwó. Ìyókù awọ náà ló fi ṣe ìgbànú ọrùn fún Akọni, kí òun náà lè yọ láàárín àlejò.

Ó gbé bàtà sórí àga kí gọ́ọ̀mù rẹ̀ gbẹ, ó sọdá lọ ra búrẹ́dì. Ìgbà tó padà dé, ọ̀tún wà lórí àga, òsì ti di ìpín ẹbí. Ọmọ ajá kan di gìgísẹ̀ mú, àwọn tó kù ń fa iwájú rẹ̀ ya. Akọni dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wò wọ́n bí alága ìpàdé.

Ibẹ̀ ni ọmọbìnrin rẹ̀ wọlé bá a.

“Bàbá, ta ló jẹ ẹ́?”

“Àwọn ọmọ ajá ni.”

“Ọmọ ta?”

“Ọmọ Akọni.”

“Akọni ọmọ ta?”

Bàbá wolẹ̀. “Ọmọ... afawọ-ṣọlá.”

“Ọ̀rọ̀ ẹbí nìyẹn. Mi ò ní pariwo.” Ó fa àga, ó jókòó. “Ṣùgbọ́n mi ò ní wọ bàtà ọjà. Iṣẹ́ ọwọ́ yín lẹ ṣèlérí. Tí kò bá sí i, ẹsẹ̀ lásán ni màá fi rìn, ẹni tó bá sì bi mí, màá sọ ìdí ẹ̀.”

Aránbàtà tú gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Awọ kan ṣoṣo tó lè bá ti bàtà náà mu, ọrùn Akọni ló wà. Ó wo ajá, ajá wò ó. Ọmọ bẹẹrẹ, òṣì bẹẹrẹ. Òwe tó máa ń pa fún ẹlòmíì nìyẹn, kò mọ̀ pé ọjọ́ kan á yà wá kí òun ní ṣọ́ọ̀bù. Bó bá tún bàtà yìí ṣe, kí ni ìran tó ń bọ̀ máa jẹ? Ó tú ìgbànú náà.

“Akọni, má bínú. Torí èyí, àti torí èyí tó kù lẹ́yìn lọ́dọ̀ Dókítà.”

Ilẹ̀ mọ́, ó mú un lọ bá Dókítà, Ìyá Oníbúrẹ́dì sì fa abo ajá tiẹ̀ tẹ̀ lé e. Aránbàtà gbọ́wọ́ lé Akọni lórí, ó gbàdúrà títí tó fi fẹ́ máa ka orúkọ àwọn baba ńlá rẹ̀.

“Bàbá, ẹ ṣe Àmín,” Dókítà ní. “Ẹni tẹ́ ẹ ń ṣàdúrà fún ti ń hanrun.”

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ọmọbìnrin náà gbé etí aṣọ sókè kí gbogbo ayé lè rí ojú rírán tó gba orí bàtà òsì kọjá. Akọni jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ike fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fi yí i lọ́rùn kó má baà lá ojú ọgbẹ́ mú kó dà bí ìgbà tí ajá bá yọrí láti inú àrọ tí wọ́n fi ń rọ epo. Apẹ̀rẹ̀ ọmọ ajá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Dókítà ló ń ṣọ́ ọ, òun ló ń pín wọn fún àlejò.

“Ẹ máa mú un wá bá mi tó bá dàgbà, kí n ṣe é bíi ti bàbá ẹ̀?” Ẹni tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, á gba ọmọ. Ẹni tó bá ń ṣe “ó dìgbà náà ná”, á gba omi tútù.

Ó ku ọ̀kan ṣoṣo, èyí tó jẹ gìgísẹ̀. Ìyàwó gbé e mọ́yà.

“Èyí ti jẹ lára ẹrù ìyàwó. Ó di dandan kó bá mi lọ.”

Inú bàbá dùn dénú eegun. Ó kọjú sí Akọni, ó tún ọ̀fun ṣe. Gbogbo aládùúgbò na etí. Ìyá Oníbúrẹ́dì wo apẹ̀rẹ̀ tó ti ṣófo.

“Akọni,” Aránbàtà ní, ó sì rọra wo ọ̀tún, ó wo òsì. “Akọni... ajá.”

Akọni ju ìrù, ike ọrùn rẹ̀ sì ń lu ilẹ̀kùn gbàgà, gbàgà.