Àwọn Mọ́kànlá Tí Asẹ́ Dà Nù

Màmá Télọ̀ kò bú mi. Ká ní ó bú mi ni, ǹ bá ti dá a lóhùn, torí èmi náà kì í gbà fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn dúró sí ojú fèrèsé ọ́fíìsì mi láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó fi téèpù ìwọnṣọ kọ́rùn, ó sì bi mí léèrè.

"Ọmọ mi, orúkọ mi ò sí lára àwọn tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún. Mo ní kò burú. Mo ní kí wọ́n bá mi wo àwọn tí wọ́n ní kò yẹ. Mi ò sí níbẹ̀ náà. Ṣé mo ti kú ni?"

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, mà."

"Ẹ sọ pé mi ò yẹ, kí n lè bínú dáadáa. Èwo ni ti kí èèyàn má sí níbì kankan?"

Ojú òsì rẹ̀ ti fọ́ láti kékeré. Ọ̀tún tó fi ń ránṣọ láti ọdún mọ́kàndínlógójì ni nǹkan funfun ń bò báyìí. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún làwọn dókítà ojú ń wá sí ilé ìwòsàn wa, ọjọ́ Sátidé yìí ni wọ́n sì máa lọ. Tí wọ́n bá lọ láìṣe tirẹ̀, kò ní rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́ kí ọdún tó yí po.

Ara mi bù máṣọ, torí èmi ni mo kọ ìbéèrè tó yọ àwọn orúkọ yẹn jáde nínú kọ̀ǹpútà. Ètò ìkọsílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní JSON la fi ń tọ́jú fáìlì aláìsàn kọ̀ọ̀kan nínú dátábéèsì wa, bí àpótí tó ní àpò-àpò nínú. Mo tọ́ka ọ̀nà tó lọ sí àpò ṣúgà, mo sì ní: ṣé ohun tó wà níbẹ̀ kéré sí igba? Ẹni tí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá tó igba, dókítà kò ní gbé abẹ sí i lójú. Ọgọ́rin èèyàn yẹ. Mo yí ìbéèrè náà padà pé ta ni tirẹ̀ kò kéré sí igba, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n jáde. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo lọ jẹun. Mi ò rò ó pé ọgọ́fà ni gbogbo wọn. Mọ́kànlá ti sọnù mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo ṣí fáìlì Màmá Télọ̀. Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ tó kọjá kò kọ nọ́ńbà lásán sínú àpò ṣúgà. Ó kọ ọ́ pé: "168, kò tíì jẹun." Ọ̀rọ̀ nìyẹn, kì í ṣe nọ́ńbà. Kọ̀ǹpútà kò lè fi ọ̀rọ̀ wé igba, nítorí náà kò sọ pé òótọ́ ni, kò sì sọ pé irọ́ ni. Ó ní òun ò mọ̀. Asẹ́ ìbéèrè wa kì í mú ohun tí a ò mọ̀; òótọ́ nìkan ló ń mú. Bí a bá sì yí "mi ò mọ̀" padà, "mi ò mọ̀" náà ló máa jẹ́. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí lápá ọ̀tún, tí kò sì sí lápá òsì. Nọ́ọ̀sì tó fara balẹ̀ jù nínú wọn, àwọn aláìsàn rẹ̀ ni asẹ́ dà nù.

Mo wá béèrè ìbéèrè kẹta: ta ni a ò mọ̀ tirẹ̀? Àwọn mọ́kànlá tò jáde lójú mi. Mo gbé wọn lọ bá ọ̀gá mi.

Ọ̀gá kò tilẹ̀ bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Mo ti buwọ́ lu ìwé yẹn. Ohun tí kì í bá ṣe òótọ́, irọ́ ni. Kọ wọ́n mọ́ àwọn tí kò yẹ."

"Sà, a ò mọ̀ bóyá wọn ò yẹ."

"A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ọgọ́rin èèyàn ń dúró. Ṣe ohun tí mo sọ."

"Mi ò ní kọ irọ́ mọ́ èèyàn lórúkọ, sà."

"Màá fún ọ níwèé ìbáwí."

"Ẹ kọ déètì sí i dáadáa, sà."

Inú ń bí mi. Mo tẹ àwọn orúkọ náà jáde, mo fi ìkánjú fi rúlà ya etí bébà náà, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn: ÀWỌN TÍ A Ò TÍÌ MỌ̀. Ẹ WÁ FÚN ÀYẸ̀WÒ LÓNÌÍ. Lẹ́yìn náà mo mú ẹ̀dà rẹ̀ kan, mo lọ bá àgbà nínú àwọn dókítà ojú náà fúnra mi. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Dókítà wo bébà, ó wo ojú mi.

"Mọ́kànlá péré? Ẹ kó wọn wá."

Nígbà tó fi di ọ̀sán, a ti yẹ gbogbo wọn wò. Méje yẹ. Mẹ́rin kò yẹ, Màmá Télọ̀ sì wà lára mẹ́rin: 231.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Ṣé o rí i? Irọ́ náà ni."

"Àwọn méje ńkọ́, sà?"

Ó gbé fáìlì rẹ̀, ó ń lọ. Mo yíjú sí Màmá, omi ti fẹ́ bọ́ lójú mi, àmọ́ òun ló ń na ọwọ́ sí dókítà.

"Mo máa ń fo oògùn ṣúgà mi, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ nọ́ńbà mi báyìí. Èyí ni mo lè bá jà. Ọjọ́ wo lẹ máa ṣiṣẹ́ kẹ́yìn?"

"Ọjọ́ Ẹtì, mà."

"Ẹ fàyè mi sílẹ̀."

Ìwé ìbáwí mi dé lọ́jọ́bọ̀, mo fi í há ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà. Lọ́jọ́ Ẹtì, ṣúgà Màmá jẹ́ 183. Èmi fúnra mi ni mo tẹ̀ ẹ́ wọlé, nọ́ńbà lásán, wọ́n sì mú un lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, bébà mi ṣì wà lára ilẹ̀kùn. Ọ̀gá ti ní kí n yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo gbọ́ tí ẹnì kan dúró níbẹ̀, tí kò kanlẹ̀kùn, tí kò sì wọlé. Mo jáde. Màmá Télọ̀ ni, ó ń fojú tẹ̀ lé etí bébà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ta ló gé èyí?"

"Èmi ni, mà."

"Ó wọ́," ló wí, ó sì mú sísọ́ọ̀sì jáde nínú báàgì rẹ̀.