Orí Kìnnìún Kì Í Ṣe Tobìnrin

Gbì! Orí kìnnìún já lulẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹlégbòogi, ti òun ti Ka-Lok tó gbé e kọ́rí. Kìnnìún aláṣọ tí àwọn ará Ṣáínà fi ń jó ni, ẹni méjì ló ń gbé e: ọ̀kan lórí, ọ̀kan nídìí. Lẹ́tùsì tó yẹ kí kìnnìún jẹ, kó sì tu ire ọdún tuntun sí onílé lára, ṣì ń fì lókè.

"Ìdí ni kò gbé mi dáadáa," ni Ka-Lok wí. "Ṣebí mo ní kẹ́ ẹ má fi obìnrin sí i."

Suk-Ha yọrí lábẹ́ aṣọ ìdí kìnnìún. Há! Inú bí ọmọ ọdún méjìlá yìí dé eegun. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi tẹ̀ ba sẹ́yìn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ yìí, tó ń di bẹ́líìtì rẹ̀ mú, tó ń gbé e sókè. Bí Ka-Lok bá ń hanrun láàárọ̀, òun á ti wà lórí ìlóṣòó, tí ẹsẹ̀ á máa ro ó. Síbẹ̀, kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan orí kìnnìún. Wọ́n ní obìnrin á bà á jẹ́. A kì í sì í fini joyè àwòdì ká má lè gbádìyẹ!

"Irọ́ ni! O fò kílùú tó dún." Ó kọjú sí bàbá àgbà wọn tó ń lùlù. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ lù ú. Ẹ sọ̀rọ̀!"

Bàbá ń wo igi ìlù ọwọ́ rẹ̀.

Ìyẹn ló dá Suk-Ha lágara. Ó gbé orí kìnnìún, ó gbé e kọ́rí.

"Yéè! Sọ ọ́ kalẹ̀, ọmọ yìí!" làwọn òǹwòran ń wí.

"Mi ò sọ ọ́! Ká filé onílé sílẹ̀ láìjẹ lẹ́tùsì rẹ̀? Ka-Lok, bọ́ sẹ́yìn."

Ariwo ta. Àfi gbòà, ìlù dún. Bàbá ò gbójú sókè, àmọ́ ó ń lù. Ka-Lok ń kùn, ó wọ abẹ́ aṣọ.

Suk-Ha dúró de ìlù, ó fò. Itan Ka-Lok tó gúnlẹ̀ sí ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀. Suk-Ha kígbe sí i:

"Lóṣòó sí i! Má wòkè!"

Ó nawọ́ gba ẹnu kìnnìún, ó já ewé náà, ó fà á ya, ó dà á lu ẹlégbòogi. Àwọn tó ń bú u lẹ́ẹ̀kan ló tún ń pàtẹ́wọ́. Ìyẹn gan-an tún bí i nínú.

Ibẹ̀ ló ti yé e. Látọdún mẹ́ta, itan òun tí Ka-Lok ń tẹ̀ kò mì rí. Àṣé ìyẹn ni Ka-Lok kò ṣe mọ̀ pé ẹnì kan tiẹ̀ wà lábẹ́ òun.