Ilẹ̀kùn Ọ̀gá Nọ́ọ̀sì

Nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́, Ọ̀gá Nọ́ọ̀sì la máa ń pe ìyá inú yàrá kẹta, nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe nìyẹn kí iyè wọn tó ra. Àwọn ló kọ́ mi níṣẹ́ nígbà náà. Bí mo bá fọwọ́ kan aláìsàn láìkọ́kọ́ fi ọṣẹ fọwọ́, wọn á fa etí mi bíi pé wọ́n fẹ́ já a.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìgbẹ́ gbuuru wọlé tọ̀ wá. Ọ̀gá Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ mú. Kí n tó ṣẹ́jú, wọ́n ti dìde, wọ́n ń yẹ aláìsàn wò láti yàrá dé yàrá. Wọ́n ń tẹ iṣan ọwọ́ ẹni yìí, wọ́n ń fọwọ́ kan iwájú orí ẹni yẹn. Wọn ò gbàgbé iṣẹ́ o, ọwọ́ fífọ̀ nìkan ni wọ́n gbàgbé. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, èèyàn márùn-ún ti dùbúlẹ̀, bàbá tó máa ń tún aago ṣe tẹ́lẹ̀ sì ti kú.

Mo sọ̀rọ̀ títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Mo lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà wọn pé kẹ́ni tó ń ṣàìsàn má jáde. Wọ́n kà á, wọ́n ní ó dáa fún àwọn aláìsàn. Ẹni tó ni ilé ìtọ́jú náà ní kí n máa ṣọ́ wọn. Èmi nìkan, arúgbó mẹ́rìnlá, ojú mélòó ni mo ní? Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn láti ìta.

Wọ́n kanlẹ̀kùn. Mo ṣàlàyé pé àrùn wà lára wọn, pé ó ti ran àwọn yòókù, pé bàbá aláago ti bá a lọ. Wọ́n bi mí pé:

“Ṣé èmi ni mo kó o ràn án?”

“Ẹ̀yin ni, mà.”

“O ṣe é re. Má ṣí i, ọmọ mi.”

Ọkàn mi balẹ̀. Mo lọ fún àwọn tó dùbúlẹ̀ lómi. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n tún kanlẹ̀kùn, wọ́n ní ta ló ti àwọn mọ́lé. Kó tó di ọ̀sán, mo ti sọ fún wọn lẹ́ẹ̀mẹfà pé àwọn ló kó ikú ran èèyàn, tuntun ló sì ń jẹ́ létí wọn nígbà gbogbo. Nígbà kẹfà, mo gbọ́ tí wọ́n ń sunkún.

Agbára mi pin. Nígbà keje, mo parọ́: mo ní ilẹ̀kùn ló há, pé káfíńtà ń bọ̀.

Ìyẹn nìkan ni wọn ò gbàgbé. Títí ilẹ̀ fi ṣú, wọn ò dùbúlẹ̀, pẹ̀lú bí àìsàn ṣe wà lára wọn. Ẹnu ilẹ̀kùn ni wọ́n dúró sí, wọ́n ń retí káfíńtà.