Orí Tí Wọ́n Fá Lẹ́yìn Olórí

Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún Dókítà pé kó ní sùúrù, yóò bu onítọ̀hún jẹ. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà nìyẹn, kò sì fi bò. Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ́, níbi tó ti ń lọ aṣọ.

"Sùúrù ni baba ìwà, ọmọ mi."

"Tó bá jẹ́ òun ni baba ìwà, Ìyá, a jẹ́ pé baba náà ti sá kúrò nílé. Mi ò rí i."

Ìyá rẹ́rìn-ín. Dókítà ò rẹ́rìn-ín.

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà tàn yín jẹ o. Kì í ṣe dókítà. Bàbá rẹ̀ ló ń pè é bẹ́ẹ̀ láti kékeré, lọ́jọ́ tó fi àkísà di ẹsẹ̀ àga kan tó kán, tó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jókòó lé e títí yóò fi san. Látọjọ́ náà ni àdúgbò ò ti mọ orúkọ mìíràn fún un mọ́. Ní báyìí tó ti di ọ̀dọ́mọbìnrin, ilé ìwòsàn ojú ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń kán oògùn sójú àwọn aláìsàn kí wọ́n tó wọlé lọ bá oníṣègùn, òun náà ló ń sọ fún wọn pé kí wọ́n fọwọ́ bo ojú òsì, kí wọ́n ka lẹ́tà ara ògiri. Àmọ́ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ni ọkàn rẹ̀ wà. Ó ti ṣe ìdánwò, máàkì rẹ̀ sì pọ̀ dáadáa. Ohun tó kù ni kí wọ́n pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ẹni tí wọn ò bá pè kí oṣù tó parí, ó di ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn.

Oṣù sì ti ń lọ sópin. Fóònù ò dún.

Ká má parọ́, fóònù ń dún. Ohun tó ń tìtorí ẹ̀ dún ló ń bí i nínú. Ilé iṣẹ́ fóònù fẹ́ ta orin fún un. Àbúrò ìyá rẹ̀ fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ti pè é. Ẹnì kan ṣi nọ́ńbà pè, ẹni tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe ló ń wá, Dókítà sì sọ̀rọ̀ sí i débi pé onítọ̀hún ń tọrọ àforíjì ṣáá lórí ohun tí kò ṣẹ̀. Bó bá wà lẹ́nu iṣẹ́, inú àpò aṣọ rẹ̀ ló ń fi fóònù sí kó lè mọ̀ ọ́n lára tó bá gbọ̀n. Ó gbọ̀n lọ́jọ́ kan, ọwọ́ òun náà gbọ̀n, oògùn ojú bá kán sí bàbá àgbàlagbà kan nímú.

"Ọmọ mi," ni bàbá náà wí, "imú mi ríran dáadáa o."

Gbogbo àwọn tó jókòó bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń wá alátùn-únṣe ẹ̀rọ omi ló tún pè. Dókítà wọ ilé ìtọ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ògiri títí ọwọ́ fi ń ta á.

Ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín. Wọ́n jọ ṣe ìdánwò náà ni, máàkì Dókítà sì fi púpọ̀ ju tirẹ̀ lọ. Ẹlẹ́rìn-ín ni wọ́n pè. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ìyẹn ló sì jẹ́ kó ṣòro láti kórìíra rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Dókítà ń sa gbogbo agbára rẹ̀.

"Wọn ò tíì pè ẹ́?"

"Tí wọ́n bá pè mí, màá gun orí òrùlé kéde ẹ̀."

"Ó ń yà mí lẹ́nu o. Ìwọ lo kọ́ mi ní ìdajì nǹkan tí mo kọ síbẹ̀. Lọ bi wọ́n ní ọ́fíìsì wọn. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà."

Bí Dókítà ṣe gbéra nìyẹn.

Obìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì ní ọ́fíìsì náà tẹ orúkọ rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ó wò ó, ó sì tún un wò. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ túfọ̀.

"Wọ́n ti yọ yín kúrò lọ́dún yìí. Ẹnì kan bá yín bẹ ọ̀kan nínú àwọn tó ń yan akẹ́kọ̀ọ́. Òfin wa ò fàyè gbà á."

"Bẹ ta ni? Mi ò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́!"

"Ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n bẹ̀ náà fúnra wọn ló wá sọ ọ́, torí dandan ni kí wọ́n sọ ọ́. Wọ́n ní ibi tí àwọn ti lọ gẹrun ni. Ẹ má bínú. Ẹ tún gbìyànjú lọ́dún tó ń bọ̀, kí ẹ sáà rí i pé ẹnì kankan ò bá yín bẹ ẹnikẹ́ni."

Ibi tí wọ́n ti lọ gẹrun. Dókítà yí ẹ̀yìn pa dà, ó jáde.

Onígbàjámọ̀ ni bàbá rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọkùnrin náà ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà. Ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Bí ẹ̀rọ ìgẹrun bá ń han, ohùn rẹ̀ yóò máa bá a dún lókè lókè. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó bá jẹ ẹ́ lógún, kì í sọ ọ́ nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Yóò fi í pamọ́ di ìgbà tó bá dorí oníbàárà sẹ́yìn, tí ọṣẹ bá wà ní àgbọ̀n rẹ̀, tí abẹ sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ta ni yóò jiyàn pẹ̀lú ẹni tó fi abẹ sí i lọ́rùn? Bẹ́ẹ̀ ló ṣe parí ìjà tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bá télọ̀ ojúlé kejì wá ìyàwó. Ó gbà pé ọgbọ́n iṣẹ́ ni, gbogbo àdúgbò sì ń yìn ín.

Télọ̀ náà gan-an ló wà lórí àga nígbà tí Dókítà ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wọlé. Apá kan orí rẹ̀ ti mọ́, apá kejì ṣì rí jágajàga.

"Dókítà ti dé!" ni Bàbá wí. "Ṣé wọ́n ti pè?"

"Kí lẹ sọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n?"

Ojú Bàbá tàn. Ó rò pé ire ló dé. "Wọ́n sọ fún ẹ? Èmi tí mo fẹ́ fi pamọ́! Wọ́n wá fá irùngbọ̀n, wọ́n ní yíyan àwọn ọmọ iléèwé dókítà ti tán àwọn lókun. Mo ní ẹ̀n-ẹ́n, Ọlọ́run ló rán yín wá. Mo wá ní, 'Ọ̀gá, ọmọ mi wà lọ́wọ́ yín o, ẹ bá mi fojú àánú wò ó.' Wọ́n mi orí pé àwọn gbọ́."

"Wọn ò mi orí! Ẹ̀yin lẹ di orí wọn mú, ẹ̀yin lẹ mì ín!"

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Wọ́n ti yọ mí. Torí ọ̀rọ̀ yẹn, Bàbá. Wọ́n ti yọ mí."

Bàbá wo télọ̀, télọ̀ wo dígí. "Torí pé mo bẹ̀bẹ̀?" ni Bàbá wí. "Ṣé mo bú wọn ni? Ẹni tó bímọ ló ń bá ọmọ bẹ̀bẹ̀. Tí mi ò bá bẹ̀bẹ̀ fún ẹ, ta ló fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún ẹ?"

"Mi ò nílò àánú! Máàkì mi pé! Ẹlẹ́rìn-ín tí mo kọ́ níwèé, wọ́n pè é torí pé bàbá tiẹ̀ gbélé ẹ̀ jẹ́ẹ́! Ẹ̀yin tí ẹ ń fárí fún gbogbo ayé, ẹ ò gbọ́ rí pé a kì í fá orí lẹ́yìn olórí?"

"Ọmọ, rọra," ni télọ̀ dá sí i. "Bàbá ẹ ni o."

"Ẹ̀yin ẹ dákẹ́, orí tiyín gan-an ò tíì pé!"

Ọ̀rọ̀ burúkú gbáà ni láti ẹnu ọmọ sí àgbà, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́, èmi ò sì ní bá a bò ó. Ó nàka sí bàbá rẹ̀.

"Láti òní lọ, nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, ẹ ò lọ́mọ tó fẹ́ ṣe dókítà. Ẹ gbọ́? Ẹ ò lọ́mọ rárá."

Ó fa ilẹ̀kùn mọ́ wọn lójú, ó lọ. Télọ̀ sọ lẹ́yìn náà pé Bàbá gẹ apá orí tó kù láì la ẹnu, àti pé ọjọ́ náà lòun ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń dún gan-an.

Oṣù parí. Ẹlẹ́rìn-ín lọ síbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ó sì wọlé. Dókítà kí i kú oríire, ó sì kán oògùn sójú ènìyàn títí ilẹ̀ fi ṣú. Nílé, kò bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bàbá náà ò pè é ní Dókítà mọ́. Kò tilẹ̀ pè é ní nǹkan kan. Bó bá fẹ́ kó gbé omi wá, yóò sọ ọ́ fún Ìyá.

"Bàbá ẹ ò sọ̀rọ̀ mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù," ni Ìyá wí. "Àwọn oníbàárà ń bi mí bóyá eyín ló ń dùn ún."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

"Inú tó ń bí ẹ yìí, ṣé kò fẹ́ rọ̀ ni?"

"Ọdún kan gbáko, Ìyá. Ẹ jẹ́ kó lo ọdún ẹ̀ pé."

Ìyá kó àwọn aṣọ ìnura ṣọ́ọ̀bù tó ti fọ̀ lé e lọ́wọ́, ó ní kó gbé wọn lọ fún bàbá rẹ̀. Dókítà gba ẹ̀yìnkùlé wọlé kó má bàa rí i sójú. Yàrá kékeré kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, kọ́tìnì ló pín in níyà. Ó fẹ́ gbé ẹrù náà sílẹ̀ kó máa lọ nígbà tó gbọ́ ohùn kan tí kò mọ̀.

"Ẹ má bínú sí mi o, ọ̀rẹ́ mi. Òfin ni. Èmi gan-an rí èsì ìdánwò ọmọ yín."

Ọ̀jọ̀gbọ́n ni! Ó pa dà wá! Ó jókòó sórí àga kan náà bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, kí onígbàjámọ̀ tó ba ọ̀ràn ọmọ rẹ̀ jẹ́ lè tún bá a fá àgbọ̀n. Dókítà fẹ́ fa kọ́tìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó fẹ́ sọ ohun tí ọkùnrin náà ò ní gbàgbé. Ó sì tún rántí pé ọdún tó ń bọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ọkùnrin yìí, ni kò bá lè mira.

"Orí ọmọ náà pé," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n ń bá a lọ. "Kí ló ń ṣe báyìí?"

Abẹ dúró. Dókítà gbọ́ bó ṣe dúró. Ìgbà tó yẹ kí Bàbá sọ̀rọ̀ nìyí, orí oníbàárà wà lẹ́yìn, ọṣẹ wà lẹ́nu rẹ̀, ọkùnrin náà gan-an ló sì ń béèrè.

"Ọmọ wo, ọ̀gá?"

"Ọmọ yín obìnrin. Èyí tí ẹ ní ó fẹ́ ṣe dókítà."

"Mi ò lọ́mọ tó fẹ́ ṣe dókítà," ni Bàbá wí. Ó nu abẹ. "Mi ò lọ́mọ rárá, ọ̀gá. Ẹ bá mi gbé àgbọ̀n sókè."

Àgàn pàápàá kì í fi ẹnu ara rẹ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn. Dókítà di àwọn aṣọ ìnura náà mọ́ àyà. Inú ṣì ń bí i, kò sì mọ ẹni tó yẹ kó bínú sí mọ́. Ó fẹ́ pariwo pé irọ́ ni, pé bàbá òun nìyẹn. Kò gbọdọ̀ pariwo.

Bàbá na ọwọ́ sẹ́yìn sí kọ́tìnì, ó ń wá aṣọ ìnura ní ibi tó máa ń wà. Dókítà fi ọ̀kan sí i lọ́wọ́. Ìka wọn kan ara wọn. Ọwọ́ náà dúró díẹ̀, ó sì mú aṣọ náà lọ.

"Ta ló wà níbẹ̀ yẹn?" ni Ọ̀jọ̀gbọ́n bi í.

"Ẹni tó ń bá wa fọṣọ ni," ni bàbá rẹ̀ wí.