Yàrá Ìkàwé Tí Wọ́n Fẹ́ Fi Orúkọ Àbẹ̀bí Pè

3.
…tí Keziah sì tún sún fóònù tó fi ń gba ìtàn sílẹ̀ mọ́ Àbẹ̀bí, ìyá ìyá rẹ̀, lẹ́nu, bí ẹni fẹ́ fún ọmọdé lóògùn.

Ilé wọn ní Thamesmead, ní London, nìyẹn. Ẹgbẹ́ tí Keziah ń bá ṣiṣẹ́ ń kọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì tuntun sí Liberia, níbi tí ogun ti fọ́ ilé ìwé. Ó fẹ́ kí obìnrin pọ̀ níbẹ̀ tó ọkùnrin.

4.
ÌKÉDE, ṢỌ́Ọ̀ṢÌ WA NÍ WOOLWICH
Wọn yóò fi orúkọ Màmá Àbẹ̀bí, tó tajà ní Monrovia kí ogun tó dé, pe yàrá ìkàwé àwọn obìnrin ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tuntun. AJÀFẸ́TỌ̀Ọ́ OBÌNRIN NI MÀMÁ! HALELÚYÀ!

(Ẹlòmíì ló kà á fún Àbẹ̀bí. Ó ní jígí ojú òun wà nílé. Irọ́. Kò mọ̀wé kà ni.)

5.
Ajàfẹ́tọ̀ọ́. Àbẹ̀bí tí kò jà rí, àfi torí ìjókòó nínú bọ́ọ̀sì Abbey Wood.

Síbẹ̀, kó tó dé ibùdókọ̀ Woolwich Arsenal, ó ti sọ fún èèyàn mẹ́sàn-án.

6.
KEZIAH: Grandma, ta ló ń dá àwọn ọmọbìnrin dúró nílé nígbà yẹn, tí wọn ò fi lọ school?
ÀBẸ̀BÍ: Àwọn èèyàn.
KEZIAH: Èèyàn wo? Government? Àwọn ọkùnrin?
ÀBẸ̀BÍ: Omi mi ti ń hó.
KEZIAH: Ẹ ò tíì on kettle, Grandma.

7.
OHUN TÍ ÀBẸ̀BÍ RÁNTÍ, TÍ KÒ SỌ

Adùnọlá, ìyá Keziah, ọmọ ọdún méjìlá. Ipò kìíní ní kíláàsì rẹ̀.

Obed, àbúrò rẹ̀. Ipò kejìdínlọ́gbọ̀n nínú ọgbọ̀n. Àìsàn ń ṣe àwọn méjì tó kù.

Ìsọ̀ aṣọ Àbẹ̀bí. Ó ń fẹ́ ẹni tí yóò máa tajà níbẹ̀.

Obed ló rán padà sí ilé ìwé; Adùnọlá ló fi sí ìsọ̀.

Láàárín ọdún kan, Obed ti sá kúrò nílé ìwé. Ogun kò tíì dé. Ẹnikẹ́ni ò lé e.

8.
Ọgbọ́n àgbà.

9.
Àtẹ̀jíṣẹ́ Adùnọlá. Keziah kà á sókè:
“Màmá tí mò ń tọ́jú níbi iṣẹ́ ò tíì jẹun tán. Mo ń bọ̀. Ṣé Grandma ti sign fọ́ọ̀mù yàrá ìkàwé yẹn? Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ gbà á o. Sọ fún Grandma pé inú mi dùn.”

10.
Adùnọlá kò bi í ní ìdí rẹ̀ rí. Bí ogójì ọdún. Ká ní ó bú u lẹ́ẹ̀kan péré, ara ì bá tu Àbẹ̀bí.

11.
ÀBẸ̀BÍ: Ẹni tó ń dá ọmọbìnrin dúró… mo mọ̀ ọ́n. Obìnrin ni. Ó rò pé òun gbọ́n.
KEZIAH: Obìnrin? Ta ni?
(Ilẹ̀kùn ṣí. Adùnọlá wọlé.)
KEZIAH: Mum, shh! Grandma fẹ́ dárúkọ ẹnì kan.
ADÙNỌLÁ: Mummy. Ẹ fi sílẹ̀. Ẹ sáà sign ìwé wọn.
ÀBẸ̀BÍ: Sún mọ́bí, Adùnọlá. Wá gbọ́ ọ lẹ́nu mi.